Jíìpù Tí Láníyì Fẹ́ Fi Gbé Sinimá Padà Sóko

Nígbà tí Láníyì wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, kò sí abúlé kan láti Ọ̀wọ̀ títí dé Ìdógùn tí wọn kò dá ìró ọkọ̀ rẹ̀ mọ̀. Òun ni awakọ̀ sinimá. Ọdún mẹ́rìnlélógún gbáko ni ó fi wa Lándírófà tí ń gbé ẹ̀rọ sinimá kiri oko. Bí ó bá ti yọ lókè, àwọn ọmọdé á ti máa sáré tẹ̀lé e nínú eruku, àwọn àgbà á tètè jẹun alẹ́, wọn á gbé ẹní àti àpótí jáde. Wọn á ta aṣọ funfun sáàárín igi méjì, gbogbo abúlé á sì jókòó síwájú rẹ̀, olówó àti tálákà, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì.

Ọdún 1977 ni ó fẹ̀yìn tì. Ìjọba kò rán ẹlòmíràn jáde mọ́. Ẹ̀yìn ọ́fíìsì ni Lándírófà náà kú sí, tí koríko hù gba inú rẹ̀ jáde. Bí Láníyì bá ń gba ibẹ̀ kọjá, ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀nà ni ó máa ń wò.

Ní 1981, ìjọba lu ẹrù àtijọ́ rẹ̀ ní gbàǹjo ní Àkúrẹ́. Láníyì wọkọ̀ lọ síbẹ̀, ó sì ra ẹ̀rọ sinimá tó ti ń gbé kiri tẹ́lẹ̀ gan-an, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ kan àti àpótí fíìmù. Kò tilẹ̀ sí ẹni tó bá a dù ú. Ìyàwó rẹ̀, Ìbílọlá, tó jẹ́ tíṣà, dúró ti ẹrù náà láàárín pálọ̀.

“Bàbá Fúnmiọlá, ṣé inú ilé yìí ni ẹ ó ti máa fi sinimá hàn ni?”

“Rárá o. Mo ń padà sóko ni.”

Ìbílọlá bá a sún ẹrù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó ti pẹ́ tó ti ń wo bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́.

Jìbírílù, mẹ́káníìkì tó ń tún Lándírófà ìjọba ṣe láyé ọjọ́un, jó irin pọ̀, ó fi ṣe kẹ̀kẹ́ ẹrù ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí wọn yóò máa so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Ó wá ku ọkọ̀ tí yóò fà á. Lándírófà ni Jìbírílù kọ́kọ́ dárúkọ, ṣùgbọ́n Láníyì mirí. Ìbàdí rẹ̀ ti jẹ nínú ìyà Lándírófà tó. Bí ó bá jókòó sórí irú irin bẹ́ẹ̀ dé Ìdógùn lónìí, gbígbé ni wọn yóò gbé e sọ̀kalẹ̀. Ọkọ̀ tó lè fa ẹrù gun òkè nínú ẹrẹ̀ ni ó ń wá, kí ìjókòó rẹ̀ sì rọ̀ bí àga pálọ̀.

“Réńjì Rófà lò ń sọ yẹn,” ni Jìbírílù wí. “Ọkọ̀ olówó ni. Àlòkù nìkan lọ́wọ́ wa lè tó.”

“Àlòkù náà ni èmi fúnra mi.”

Ọ̀dọ̀ kọ́ńtírátọ̀ kan tó ń jẹ́ Christopher, nínú ìgboro Ọ̀wọ̀, ni wọ́n kọ́kọ́ lọ. Ọkọ̀ rẹ̀ funfun bí lékeléke. Aláwọ ni ìjókòó rẹ̀, atẹ́gùn tútù ń fẹ́ nínú rẹ̀, rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì sì wà níwájú. Láníyì wọlé, ó fa ilẹ̀kùn dé. Ariwo ìgboro dákẹ́ lójijì. Ó di ọwọ́ ọkọ̀ mú, ó sì rí ara rẹ̀ bí ó ṣe ń wọ Ìdógùn, tí àwọn ènìyàn ń na ìka sí i. Kí Jìbírílù tó sọ gbólóhùn kan, ọkàn Láníyì ti ra ọkọ̀ náà tán.

Jìbírílù ní tirẹ̀ tẹ́ àpò sílẹ̀, ó rá wọ abẹ́ ọkọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń rí. Nígbà tó jáde, ó nu ọwọ́.

“Christopher, ṣáàfù tó ń yí táyà iwájú dà?”

“Mo ní kí wọ́n yọ ọ́. Epo ló ń jẹ. Orí ọ̀dà ni mò ń rìn, kí ni mo fẹ́ fi ṣe?”

Jìbírílù yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. “Ẹsẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n dá a mọ́, méjì ló fi ń rìn báyìí. Irin tí wọ́n de ìkọ́ ẹ̀yìn mọ́ sì ti là. Wọ́n jó o pọ̀, wọ́n kùn ún bò. Ní òkè àkọ́kọ́, ẹrù á padà sílé, ìwọ á máa lọ.”

“Ṣé a ò lè tún un ṣe ni?”

“A lè tún un ṣe. Ṣùgbọ́n dá mi lóhùn: ṣé o fẹ́ lọ fi sinimá hàn wọ́n ni, àbí o fẹ́ kí wọ́n máa wo ìwọ?”

Ọ̀rọ̀ náà gún Láníyì débi pé ó sọ̀kalẹ̀ láì kí ẹnikẹ́ni, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Odindi ọjọ́ méjì ni kò yọjú sí ìsọ̀ Jìbírílù. Ohun tó ń bí i nínú jù ni pé òótọ́ ni.

Lọ́jọ́ kẹta, Jìbírílù fúnra rẹ̀ wá. Kò tọrọ àforíjì, Láníyì náà kò bèèrè. “Dìde. Ọ̀kan wà ní Ìdáṣẹn.”

Ọkọ̀ Hàmídù oníṣòwò pákó ni, oníbàárà Jìbírílù tó kú léṣìí. Àwọn mẹ́ta ti wá láti rà á, Kúlísúmù ìyàwó rẹ̀ sì lé wọn padà. Abẹ́ páànù ni wọ́n bá ọkọ̀ náà, oòrùn ti jẹ àwọ̀ rẹ̀, ìjókòó rẹ̀ ti sán, adìyẹ kan sì ń sàba lẹ́yìn. Kẹ́tùlù àlùwàlá Hàmídù ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó awakọ̀. Inú Láníyì bàjẹ́ nígbà tó rí bí ọkọ̀ náà ṣe rí. Jìbírílù tẹ́ àpò rẹ̀, ó wọ abẹ́ ọkọ̀.

“Ó pé,” ni ohùn rẹ̀ wí láti ìsàlẹ̀.

Wọ́n gbé adìyẹ kúrò, wọ́n fi ṣéènì so ìtì igi kan mọ́ ìkọ́ ẹ̀yìn. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀, òkè tó wà lẹ́yìn ilé ń yọ̀ bí ilá. Láníyì fa jíà kékeré, ó rọra tẹ epo. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gé ẹrẹ̀ jẹ lẹ́ẹ̀kan náà, ọkọ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí gòkè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, igi ń wọ́ tẹ̀lé e. Ìbàdí kò dùn ún. Nígbà tó dé orí òkè, ó rí i pé òun ti ń súfèé, bí òun ti máa ń ṣe lójú ọ̀nà ní ogún ọdún sẹ́yìn.

Kúlísúmù ń dúró dè wọ́n. “Pákó lẹ fẹ́ fi kó?”

“Sinimá ni, ìyá,” ni Láníyì dáhùn, ó sì ṣàlàyé.

Obìnrin náà tẹjú mọ́ ọn. “Ẹ̀yin ni Bàbá Sinimá? Ẹlẹ́gbẹ̀ka ni wọ́n ti bí mi. Ọdún tí ẹ fi bí wọ́n ṣe ń wẹ ọmọ hàn wá, gbogbo ìyá ló ń pariwo mọ́ obìnrin inú sinimá pé ọṣẹ ń kó sọ́mọ lójú. Ìyá ìyá mi dìde, ó na aṣọ sí i pé kó gbà, kó fi nù ún!”

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Láníyì rántí ìyá náà, ó rántí aṣọ náà pàápàá. Jìbírílù wolẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Hàmídù, kò tíì gbọ́ ẹ̀rín obìnrin yìí.

“Ẹ máa gbé e lọ,” ni Kúlísúmù wí nígbà tí wọ́n sọ iye rẹ̀ tán. “Ṣùgbọ́n Ẹlẹ́gbẹ̀ka lẹ ó kọ́kọ́ gbé mi dé.” Ó mú kẹ́tùlù ọkọ rẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀, ó gbé e mọ́ àyà wọlé.

Ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹwàá ni wọ́n lọ. Jìbírílù jókòó síwájú, Ìbílọlá àti Kúlísúmù wà lẹ́yìn. Afárá tó wà lórí odò kan ti wó, inú omi ni Láníyì gbà kọjá, kẹ̀kẹ́ ẹrù sì tẹ̀lé e láì yẹ̀.

Ṣùgbọ́n Ẹlẹ́gbẹ̀ka ti yí padà. Tẹlifíṣàn kan wà ní abúlé tó ń fi bátìrì ṣiṣẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ bèèrè bóyá fíìmù ìjà ni. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ti kòkó àti ti ọmọ wíwẹ̀ ni, ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣẹ́rí padà. Bóyá ogójì ènìyàn ló kù, àgbàlagbà ló pọ̀ jù. Láníyì ń ta aṣọ funfun sáàárín igi, ọwọ́ rẹ̀ wúwo.

Bàbá arúgbó kan, Àbúdùlàhí, fi ọ̀pá rẹ̀ kan Láníyì lápá. “Awakọ̀, kí ló dé tí ẹ ò wá mọ́? Odoodún là ń retí yín.”

Láníyì fẹ́ sọ ti ìjọba, ó fẹ́ sọ ti ìfẹ̀yìntì, ṣùgbọ́n ó kàn wí pé: “Ẹ má bínú, bàbá. A ò rí ọkọ̀ ni.”

Bàbá náà wo Réńjì Rófà tí ẹrẹ̀ bò dé fèrèsé, ó wò ó títí. “Ó dáa, ẹ ti rí ọkọ̀ báyìí.” Ó fa àpótí rẹ̀ sí iwájú pátápátá, ó jókòó.

Láníyì lọ fa okùn jẹnẹrétọ̀.