Ìpẹtà Inú Ẹ̀jẹ̀ Bàbá

Inú ti ń bí Ọ̀gá, obìnrin tó ń ṣèwádìí òògùn, látìgbà tí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ti wọ iléeṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ láìkan ilẹ̀kùn. Dókítà ọsibítù ni àbúrò ọ̀hún, ó sì di bàbá wọn mú lápá. Ẹsẹ̀ bàbá ti wú débi pé bàtà ò gbà á mọ́.

"Àǹtí mi, ẹ wo ẹsẹ̀ wọn! Ẹ ní kí wọ́n jáwọ́ nínú òògùn ọkàn wọn, ẹ ní kápúsù yín ti tó. Ṣé ẹ fẹ́ pa wọ́n ni?"

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́! Ìwọ tó jẹ́ pé kó o kọ pánádóòlù fún èèyàn nìkan lo mọ̀!"

Ẹ má ṣì í gbọ́ o, obìnrin yìí fẹ́ràn bàbá rẹ̀. Ohun tó dá a lójú ni pé afẹ́fẹ́ tá à ń mí símú yìí náà ló ń jẹ ara wa díẹ̀díẹ̀, bí ìpẹtà ṣe ń jẹ irin. Òun ló ń sọ wá di arúgbó, òun ló ń ba ọkàn jẹ́. Kápúsù tó ṣe ló sì ní ó ń dá ìpẹtà náà dúró. Ṣebí ẹ̀rọ tó fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ló sọ bẹ́ẹ̀: ẹ̀jẹ̀ àwọn arúgbó tó ń lò ó mọ́ tónítóní, ti àwọn tí kò lò ó ti bàjẹ́. Ta ló wá bi àbúrò léèrè?

Àbúrò ò tiẹ̀ gbọ́ èébú náà mọ́. Tábìlì ẹ̀bá fèrèsé ló ń wò, níbi tí ìgò ẹ̀jẹ̀ kéékèèké tò sí, tí oòrùn ń pa wọ́n.

"Ẹ̀jẹ̀ ta nìyí?"

"Ti àwọn tí kò lo kápúsù. Ti àwọn tó ń lò ó ni mo kọ́kọ́ máa ń kó sínú yìnyín. Àwọn ni mo gbójú lé, mi ò lè fi tiwọn ṣeré."

"Yéè! Ẹ gbé èyí kalẹ̀ kí afẹ́fẹ́ máa jẹ ẹ́, ẹ tún wá ń pariwo pé afẹ́fẹ́ ti jẹ ẹ́?"

"O ò lè kọ́ mi níṣẹ́ mi!"

"Ó dáa. Ẹ fa ẹ̀jẹ̀ bàbá sínú ìgò méjì. Ẹ fi ọ̀kan sínú yìnyín, ẹ gbé ìkejì síbí."

Ọ̀gá fà á, kó ṣáà lè pa àbúrò lẹ́nu mọ́. Wọ́n jókòó, bàbá ń tòògbé lórí àga títí oòrùn fi yẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ yẹ méjèèjì wò, ẹ̀jẹ̀ inú yìnyín mọ́ tónítóní. Ti ẹ̀bá fèrèsé bàjẹ́ bí ẹ̀jẹ̀ ẹni tí kò fẹnu kan kápúsù rí. Ara bàbá kan náà ni méjèèjì ti wá! Àbúrò bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ìkà gbáà.

Ojú ti Ọ̀gá, ìtìjú sì di ìbínú. Ó gbé ìgò ẹ̀bá fèrèsé, ó da ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ sínú ibi ìfọwọ́. "Ìgò yìí ni kò mọ́ tẹ́lẹ̀!"

Bàbá lajú. "Kí lo dà nù yẹn?"

"Kò sí nǹkan kan, Bàbá."

"Ẹ̀jẹ̀ mi ni. Mo rí i." Ó rọra mí. "Nígbà tó o ní kí n ju òògùn mi nù, mo jù ú nù. Mi ò bi ọ́ pé kí ló dé. Ọmọ mi ló sọ ọ́."

Ó di èjìká ọmọkùnrin rẹ̀ mú, ó ní kó gbé òun lọ sí ọsibítù. Ọ̀gá sáré na ọwọ́ láti gbé e dìde.

"Jẹ́ kó gbé mi," ni bàbá wí. "Ìwọ, iṣẹ́ ẹ pọ̀."