Ẹ Sọ Ẹni tí Ó Rí I

Ọjọ́bọ̀ ni Fẹ̀yìntọlá kọ ọ̀rọ̀ náà. Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn nítorí rẹ̀.

Ilé-ìkàwé yunifásítì ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá ti ṣíwọ́, yóò tún jókòó ti kọ̀ǹpútà fún bíi wákàtí kan, yóò máa yẹ ohun tí àwọn ènìyàn kọ sí Wikipẹ́díà wò, ìyẹn ìwé ìmọ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè kọ nǹkan sí, tí ẹlòmíràn sì lè tún un ṣe. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe é. Iṣẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀ ni láti sọ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ̀wé ibi tí wọ́n ti ṣe dáadáa àti ibi tí wọ́n kù sí. Kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Àwọn kan ti sunkún nítorí ohun tó kọ sí wọn. Ó mọ̀, kò sì dùn ún tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́sẹ̀ náà, olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Jùwọ́nlọ kọ ojú-ewé kan nípa abúlé rẹ̀, Ìdí-Afọ̀n, lẹ́yìn Ìkọ̀lé. Ohun tó kọ dùn-ún kà. Ó kọ nípa odò wọn, nípa iṣu àti ẹ̀gẹ́, nípa bí wọ́n ṣe ń sá kòkó sí iwájú ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpínrọ̀ kan wà nísàlẹ̀ tí ó mú kí Fẹ̀yìntọlá tún ìjókòó rẹ̀ ṣe: "Ní ọdún 2009, Ògúntádé, tí í ṣe alága àwọn àgbẹ̀ títí di òní, ṣá Adérẹ̀mí pa nínú oko nítorí ààlà ilẹ̀. Wọn kò mú un."

Fẹ̀yìntọlá dá a lóhùn lójú-ewé ìjíròrò, ní gbangba, níbi tí gbogbo ayé ti lè kà á: "Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ mọ̀wé kọ, ẹ má dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n ìpínrọ̀ tó gbẹ̀yìn kò lè dúró bẹ́ẹ̀. Ẹ kò lè pe ẹni tó wà láàyè ní apànìyàn láìsí ẹ̀rí. Ìwé ìròyìn wo ló gbé e? Ta ló rí i? Ẹ sọ ẹni tí ó rí i."

Ohun tó yẹ kó ṣe ni kó kọ́kọ́ pa ìpínrọ̀ náà rẹ́, kó tó béèrè ohunkóhun. Ó mọ òfin náà ju ẹnikẹ́ni lọ. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí olùkọ́ náà fọwọ́ ara rẹ̀ pa á rẹ́, kó lè fi kọ́gbọ́n. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó bá ọ̀nà Adó lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan, kò sì ṣí kọ̀ǹpútà títí ó fi padà.

Nígbà tó ṣí i láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó rí èsì Jùwọ́nlọ:

"Màámi ni wọ́n rí i, mà. Bàbá mi ni Adérẹ̀mí. Inú kòkó ni màámi sá pamọ́ sí lọ́jọ́ náà. Ògúntádé sọ fún wọn lẹ́yìn ìsìnkú pé bí wọ́n bá lanu pẹ́nrẹ́n, èmi ló kàn. Ọdún Àjíǹde tó kọjá ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ fún mi. Àṣàkẹ́ lorúkọ wọn. Ilé wa ló kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀rí, kó wá bi wọ́n."

Lábẹ́ rẹ̀, ẹnìkan tí kò kọ orúkọ ti fi ọ̀rọ̀ kan kún un: "A ti kà á. A mọ ilé náà. Ojú tó rí i kò ní rí òmíràn."

Fẹ̀yìntọlá pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kí ló kù tó fẹ́ pa mọ́? Kò ní nọ́ńbà Jùwọ́nlọ. Ó fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí i lórí ojú-ewé kan náà, kò sí èsì. Ni ó bá gbé báàgì rẹ̀, ó wọ mọ́tò lọ sí Ìkọ̀lé, ó sì gun ọ̀kadà níbẹ̀ dé Ìdí-Afọ̀n.

Ó bá Jùwọ́nlọ nínú oko ilé-ẹ̀kọ́, ó ń kọ́ àwọn ọmọ bí a ti ń kọ ebè. Nígbà tí Fẹ̀yìntọlá dárúkọ ara rẹ̀, ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ wá fúnra yín, mà? Ṣé nítorí ìwé tí mo kọ?"

Fẹ̀yìntọlá na fóònù rẹ̀ sí i, àwòrán ọ̀rọ̀ ìhàlẹ̀ náà tó yà kó tó pa á rẹ́ wà lójú rẹ̀. Jùwọ́nlọ kà á tán, ọkọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ki eré mọ́lẹ̀, Fẹ̀yìntọlá tẹ̀lé e.

Láti ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti gbọ́ igbe. Wọ́n ti fọ́ ilẹ̀kùn ilé. Ní àgbàlá, nítòsí odó, Àṣàkẹ́ wà lórí ìkúnlẹ̀. Ọkùnrin àgbàlagbà kan fi ọwọ́ òsì di irun rẹ̀ mú, àdá wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ògúntádé nìyẹn. Ọmọ rẹ̀, Akínkúnmi, tó ń kàwé ní yunifásítì, dúró tì í pẹ̀lú kùmọ̀. Òun ló rí ojú-ewé náà, òun ló kọ ọ̀rọ̀ ìhàlẹ̀ sí i, òun náà ló gbé e wálé fún bàbá rẹ̀.

"Sọ fún ọmọ mi pé irọ́ lo pa!" Ògúntádé ń pariwo. "Sọ ọ́ kó gbọ́!"

Àṣàkẹ́ tutọ́ ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. "Mi ò purọ́. Ìdí kòkó ni mo wà. Ẹsẹ̀ lo kọ́kọ́ ṣá a, kó má baà lè sá. Ó bẹ̀ ọ́. Ó ní, 'Ògúntádé, máa mú ulẹ̀ náà lọ.' Ó ti gbé ulẹ̀ náà fún ọ, o sì tún ṣá a."

Akínkúnmi yíjú sí bàbá rẹ̀. "Bàbá, kí ni wọ́n ń sọ?"

"Mo ṣá a!" ni Ògúntádé ké. "Mo ṣá a, kí ni wọ́n fi mí ṣe? Bí mo ṣe ṣe tọkọ náà ni n óò ṣe taya!"

Ó gbé àdá sókè. Àṣàkẹ́ fi ọwọ́ bo orí. Àdá náà bà á lọ́wọ́ ọ̀tún, ìka mẹ́ta já bọ́ sínú iyẹ̀pẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ta sára ògiri. Èkejì bà á léjìká, ó wọlé dé egungun. Jùwọ́nlọ fò mọ́ wọn. Akínkúnmi, bí ẹni tí kò mọ ohun tó ń ṣe mọ́, fi kùmọ̀ gbá a lẹ́nu, eyín méjì fò jáde, ó sì ṣubú lulẹ̀.

Fẹ̀yìntọlá kò tíì na ẹnikẹ́ni rí láyé rẹ̀. Ọmọ odó ni ọwọ́ rẹ̀ bà. Ó fi gbogbo agbára rẹ̀ gbé e, ó là á mọ́ orúnkún Ògúntádé. Egungun náà ró bí igi gbígbẹ. Ògúntádé ké, ó wó lulẹ̀, àdá fò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Jùwọ́nlọ dìde pẹ̀lú ẹnu tó kún fún ẹ̀jẹ̀, ó mú àdá náà.

"Ẹ yẹra, mà."

"Jùwọ́nlọ, wo màmá rẹ. Wọ́n ṣì ń mí."

"Mo ní kí ẹ yẹra!"

Jùwọ́nlọ kò dúró kó yẹra. Ó gbé àdá wá láti òkè, Fẹ̀yìntọlá sì na apá sí i. Kì í ṣe pé àánú Ògúntádé ń ṣe é. Bó bá ṣe tirẹ̀ ni, kí ọkùnrin náà kú síbẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé òun ti ba ayé ìyá jẹ́, òun kò ní dúró wo kí ti ọmọ náà bàjẹ́. Àdá náà ya apá rẹ̀ láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́. Jùwọ́nlọ wo ẹ̀jẹ̀ náà, ó wo ojú obìnrin náà, àdá sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Akínkúnmi ti bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ń fi di ọwọ́ Àṣàkẹ́, ó ń sunkún. "Mo rò pé irọ́ ni," ló ń sọ ṣáá. "Mo rò pé wọ́n ń ba orúkọ wa jẹ́ ni."

Nígbà náà ni àwọn ará abúlé ya dé láti oko. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ohun tí Ògúntádé fẹnu ara rẹ̀ sọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú pẹ̀lú òkúta àti igi. Ẹnìkan yí táyà wá, òmíràn gbé epo bẹntiróòlù àti iná. Wọ́n ti fi táyà náà kọ́ ọ lọ́rùn kí ohùn Àṣàkẹ́ tó jáde láti ilẹ̀ tó wà.

"Ẹ gbé uná yẹn kúrò! Ẹ kò gbọdọ̀ sun ún. Mo fẹ́ kó dúró níwájú adájọ́, kí n sọ ọ́ lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ yìí ni mo ti gbé e mì."

Kò sẹ́ni tó lè bá a jiyàn. Wọ́n so Ògúntádé mọ́lẹ̀ títí ọlọ́pàá fi dé, wọ́n sì fi ọkọ̀ àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ lọ sí ilé-ìwòsàn ní Ìdó.

Àṣàkẹ́ yè é. Ìka mẹ́ta náà lọ, ọwọ́ òsì ló sì kù tó fi ń jẹun. Ọgbọ̀n ojú abẹ́rẹ́ ó lé ni wọ́n fi rán apá Fẹ̀yìntọlá. Ní ọjọ́ kẹta, ó rìn lọ síbi bẹ́ẹ̀dì ìyá náà, ó kúnlẹ̀.

"Màmá, èmi ni mo fa eléyìí. Èmi ni mo ní kí wọ́n dárúkọ yín níta gbangba. Ó yẹ kí n mọ̀."

Jùwọ́nlọ, tí ẹnu rẹ̀ wú, ló dáhùn láti orí àga. "Ẹ bi mí bí ẹni ń bi akẹ́kọ̀ọ́, mà. Mo sì dáhùn bí akẹ́kọ̀ọ́, nítorí mo fẹ́ kí ẹ yìn mí." Ó yí ojú kúrò. Oṣù mẹ́rin gbáko ni kò fi bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

Nílé-ẹjọ́ ní Adó, Akínkúnmi jẹ́rìí ta ko bàbá rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kéré débi pé adájọ́ ní kó tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n dá ẹjọ́ ẹ̀wọ̀n ọdún méjì fún òun náà. Ògúntádé gba ẹ̀wọ̀n gbére. Àṣàkẹ́ sọ tirẹ̀ fún wákàtí méjì, kò jókòó, kò mu omi.

Fẹ̀yìntọlá ló fi ọkọ̀ gbé wọn padà sílé lọ́jọ́ náà. Wọ́n ti kọjá Ọ̀yẹ́ kí ìyá tó lanu.

"Lọ́yà bi mí bí wọ́n ṣe pa á. Ọlọ́pàá bi mí bí wọ́n ṣe pa á. Ọmọ mi kọ ọ́ síbẹ̀ bí wọ́n ṣe pa á. Ẹ ò bi mí bó ṣe gbé ayé."

Fẹ̀yìntọlá dín eré kù. "Màmá, báwo ni bàbá ṣe gbé ayé?"

"Ó máa ń pẹ́ kó tó bínú," ni Àṣàkẹ́ wí. "Tí ó bá ń jẹ iṣu, á kọ́kọ́ bó tèmi. Ohùn rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wúwo, àwọn ọmọdé a máa yíjú wò ó. Kì í fẹ́ kí n dá nìkan ru igi. Ulé tí a wà yẹn, òun ló fọwọ́ po amọ̀ rẹ̀, mo sì lóyún Jùwọ́nlọ nígbà náà, ó ní kí n jókòó lábẹ́ igi kí n máa ka ìṣù amọ̀ fún un..."

Jùwọ́nlọ tẹ̀ síwájú láti ìjókòó ẹ̀yìn kó lè gbọ́ dáadáa. Ọkọ̀ náà ń lọ jẹ́jẹ́, ìyá sì ń sọ̀rọ̀.