Alùpùpù Tíṣà Ìyápọ̀

Àwáwù nìkan ni ọmọbìnrin tó ń ṣe ìṣirò àgbà ní kíláàsì karùn-ún ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ṣakí, lọ́dún 1979. Tíṣà Ìyápọ̀ ló ń kọ́ wọn. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, alùpùpù pupa ló ń gùn, kì í sì í pariwo mọ́ ọmọ. Bí ẹnìkan bá ti kọ ìlà kan tán lójú pátákó, á ní, "Ó dáa. Kí ló kàn?"

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan nígbà ọyẹ́, ó kọ y = x³ − 6x² + 9x sójú pátákó. Ó ní kí wọ́n wá dy/dx, ìwọ̀n bí ìlà rẹ̀ ṣe ń gòkè sí, kí wọ́n lè mọ ibi tí ìlà náà ti ń gòkè, ibi tó ti ń sọ̀ kalẹ̀, àti ibi tó ti yí padà.

"Bí mo bá ń fi alùpùpù gun òkè," ó ní, "ó ní ojú ibi tí mo máa dé tí n kò gòkè mọ́, tí n kò sì tíì máa sọ̀ kalẹ̀. Níbẹ̀, òdo ni dy/dx. Ibẹ̀ là ń wá."

Ó kọ 3x² − 12x + 9, ni aago bá lù. Ó ní ó di ọjọ́ Ajé.

Àwáwù tẹ̀ lé e jáde, ó kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi bẹ bàbá mi. Wọ́n fẹ́ mú mi kúrò nílé ìwé. Wọ́n ti fi mí fún ọkùnrin kan ní Ìjìó."

"Dìde. Màá lọ rí wọn lọ́la."

Ó lọ sí Àgọ́-Àrẹ, níbi tí bàbá Àwáwù ń gbé, lóòótọ́. Nígbà tó ń bọ̀, àwọn kan ti finá sí igbó, èéfín bo títì. Ọkọ̀ akẹ́rù tó kó iṣu kò rí i. Wọn ò tíì gbé e dé ọsibítù tó fi kú.

Lọ́jọ́ Ajé, ìṣirò náà ṣì wà lójú pátákó. Jẹ́ẹ́dé, olórí kíláàsì, mú aṣọ ìnupátákó, ó dúró díẹ̀, ó sì gbé e kalẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Àwáwù ṣí ìwé rẹ̀. Bó ṣe kọ dy/dx báyìí, ó gbọ́ tí alùpùpù yà wọlé láti ẹnu géètì, tó dé abẹ́ igi máńgòrò, tó sì kú. Ó yọjú. Kò sí ẹnìkankan.

"Jẹ́ẹ́dé, ṣé o gbọ́?"

"Gbọ́ kí ni?"

Bó bá ń ka ìwé mìíràn, kò ní gbọ́ nǹkan kan. Ìṣirò yìí nìkan ló ń pè é wá. Ó pa á tì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Á máa sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Èmi ni mo rán an."

Ìdánwò wá ń sún mọ́lé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí gbogbo wọn ti lọ jẹun, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó lọ dúró níwájú pátákó. Alùpùpù dé, ó kú. Àwáwù ò wẹ̀yìn. Ohùn tíṣà dún lẹ́yìn rẹ̀:

"Kí ló kàn?"

Orí rẹ̀ wú. Síbẹ̀, ó kọ ọ́: x² − 4x + 3 = 0. (x − 1)(x − 3) = 0. Bí x bá jẹ́ 1, y á jẹ́ 4, ìlà á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Bí x bá jẹ́ 3, y á jẹ́ òdo, ìlà á tún máa gòkè.

"Ó tán, sà."

Nígbà tó wẹ̀yìn, àga òfìfo ló rí. Ó jókòó sílẹ̀, ó sunkún.

Lọ́jọ́ Sátidé, bàbá rẹ̀, Ràsáàkì, ránṣẹ́ pè é. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ọkọ ni. Ó bá bàbá níta, bàbá ti rù.

"Àwáwù, ta ló ń gun alùpùpù wọ agboolé yìí lọ́sàn-án? Bí mo bá jáde, n kì í rí ẹnìkan. Ìyá rẹ ní òun ò gbọ́ nǹkan kan."

"Èmi náà ń gbọ́ ọ, Bàbá."

Ràsáàkì rọra jókòó sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ní, "Padà sílé ìwé rẹ. Màá ránṣẹ́ sí àwọn ará Ìjìó. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ mú mi lọ sílé tíṣà náà."

Wọ́n gbé iṣu lọ bá Florence, ìyàwó tíṣà. Ràsáàkì dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ẹni tó tó ọmọ rẹ̀.

"Ẹ dìde, Bàbá," Florence wí. Ó tún ní, "Bàbá Mọ́ládé ò jẹun kí wọ́n tó jáde lọ́jọ́ yẹn. Ṣé wọ́n mu omi nílé yín?"

Ràsáàkì ò lè gbójú sókè. "N kò fún wọn lómi. N kò tilẹ̀ ní kí wọ́n jókòó."

Florence wò ó títí. Lẹ́yìn náà, ó pe Mọ́ládé, ọmọ rẹ̀, ó ní kó gbé iṣu náà wọ ilé ìdáná. Kò sọ pé òun dárí jì í, kò sì sọ pé òun ò dárí jì í.

Àwáwù yege ìdánwò náà, ó lọ kọ́ iṣẹ́ tíṣà ní Ọ̀yọ́. Ràsáàkì lo ọdún mọ́kànlá sí i láyé. Lọ́sàn-án, nígbà mìíràn, á bu omi tútù sínú ife, á gbé e síta fúnra rẹ̀, á sì jókòó tì í. Ìyá Àwáwù ò bi í léèrè ẹni tó gbé e kalẹ̀ fún.