Ojú Méjì ní Ìdí Rọ̀bọ̀tọ̀

Èmi ni mo fà á. Kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ wá arúfin kiri. Èmi arúgbó, tí ìdí mi ti tó ti ènìyàn méjì láti ìgbà tí mo ti bí ọmọ kejì, èmi ni mo wo ìdí ẹranko kan tí kò sí láyé yìí, tí mo ní ó dá páropáro jù, tí mo sì fi ọwọ́ ara mi rán àmì róbótó-róbótó méjì mọ́ ọn. Ẹ kọ́kọ́ fi mí rẹ́rìn-ín ná. Èmi náà ti rín tèmi tẹ́rùn kí n tó jókòó kọ ọ́.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin ló ni iṣẹ́ náà. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ẹranko aláṣọ fún eré àwọn ọmọdé ló wà, irú ẹranko ńlá tí ènìyàn méjì máa ń kó sínú rẹ̀: ẹnì kan á jẹ́ ẹsẹ̀ iwájú, ẹnì kejì á bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, á jẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Láti ọjọ́ tó ti débẹ̀, fóòmù ló ń gé. Ó gé etí, ó gé pátákò, ó gé imú títí imú fi sú u. Nígbà tó yá ni ọ̀gá wọn ní kí òun náà dá ẹranko kan sílẹ̀, kó gbé e wá. Bí ó bá dára, á fi fóòmù sílẹ̀, á lọ jókòó sí tábìlì àwọn tó ń ya ẹranko. Bí kò bá dára, kó máa bá imú gígé lọ.

Bí ó ṣe dá Rọ̀bọ̀tọ̀ sílẹ̀ nìyẹn. Etí rẹ̀ gùn bíi ti ehoro, ìrù rẹ̀ rí bí ìgbálẹ̀ tó ti gbó, ara rẹ̀ sì sanra bíi tèmi. Mo bi í pé ta ló ń wò tó fi ya irú ìbàdí bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ò mọ̀.

Èmi ni mo bá a rán awọ rẹ̀, torí mo ní ẹ̀rọ ìránṣọ, ara mi ò sì lè gbélẹ̀. Àṣé òfin wà níbẹ̀! Èmi rò pé àmì ara ẹran tí kò sí, bó bá ṣe wu kálukú ni. Ta ni yóò mú yín? Ṣé ẹran náà ló máa lọ fẹjọ́ sùn?

"Màmá, kò rí bẹ́ẹ̀," ó ní. "Àwọ̀ ò gbọdọ̀ ju mẹ́ta lọ, ti ojú wà nínú ẹ̀. Ẹ̀yìn ló máa dúdú, ikùn á funfun, torí òkè ni oòrùn ti ń pa ẹranko."

"Oòrùn wo? Ṣé kì í ṣe inú gbọ̀ngàn lẹ ti ń ṣeré ni?"

"Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ tán ná. Ìlà gbọ́dọ̀ ti ọ̀pá ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ bíi pé ó hù níbẹ̀ ni, kó má dà bíi pé ẹnì kan lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá gbọ́dọ̀ lè dá a mọ̀. Àmì ò gbọdọ̀ sí níbi tó máa ń ká, bí orúnkún, bí ìgbáròkó. Bí ẹsẹ̀ bá ti ká, àmì á fún pọ̀, á di nǹkan mìíràn. Àmì kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ níṣẹ́ tó ń ṣe lára ẹranko náà."

"Iṣẹ́? Àmì ara ẹran níṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ̀gbọ́n ìyá ẹ wà nílé tó ń hanrun!"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lé ṣọ́ọ̀kì tó fẹ́ fi fàlà.

Mo rán ìlà náà bó ṣe fà á. Ó dára, n ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo yí i sẹ́yìn, ìdí rèé o, gbàgàdà, òfìfo! Èmi tí mo ní irú ẹ̀ mọ̀ pé ìdí tó bá tó báyẹn, ọ̀ṣọ́ ló ń fẹ́. Àjákù aṣọ pupa rúsúrúsú tí mo fi rán ìlà kù lórí tábìlì. Mo fi ìdérí ìkòkò wọ̀n ọ́n, mo gé róbótó méjì, mo rán wọn mọ́ ọn pinpin. Ẹ̀rọ ń kọrin, èmi náà ń kọrin. Kí ọmọ náà tó wẹ̀ jáde, mo ti ká awọ sínú àpò.

"Ó ti tán, ọkọ mi," mo ní. "Má tú u mọ́, kó má baà rún."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá a gbé e lọ. A ò tíì mí kanlẹ̀ tí wọ́n fi ní eyín ń dun ọkùnrin tó máa ń ṣe ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, kò wá.

"Èmi ńkọ́?" mo ní. "Ta ló ti bẹ̀rẹ̀ gbálẹ̀ tó mi níbí?"

"Màmá, ìbàdí yín ńkọ́?"

"Ìbàdí mi ti ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó bí ọ̀gá yín."

Ọ̀gá náà ti ń pariwo pé kí a yára, ni ọmọ ọmọ mi bá fi orí wọ iwájú, kò rí ẹ̀yìn rárá. Bàbá tí wọ́n jọ ń gé fóòmù ló wá ti èmi sínú ìdí. Ó dúró, ó wò ó.

"Háà! Màmá, kí lèyí?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fa síìpù yín."

Inú ibẹ̀ ṣókùnkùn, ó gbóná, gìgísẹ̀ ọmọ ọmọ mi nìkan ni mo ń rí. Mo ń gbọ́ ohùn ọ̀gá wọn láti ìsàlẹ̀ gbọ̀ngàn. Ọ̀gá Òfin ni wọ́n ń pè é bí kò bá sí ńtòsí.

"Ẹ máa rìn bọ̀." A rìn. "Àwọ̀ mẹ́ta. Ó pé. Ẹ̀yìn dúdú. Ìlà yìí sọ̀ kalẹ̀ dáadáa. Mo dá a mọ̀ láti ibí." Mo gbọ́ tí ọmọ náà mí kanlẹ̀. "Ó yá, ẹ yí padà, ẹ máa lọ."

A yí padà. Ni ẹ̀rín bá bú ní gbọ̀ngàn.

"Ó ń ṣẹ́jú sí mi!" Bàbá fóòmù ló ń ké. "Ẹ wá wò ó, ìdí ń ṣẹ́jú sí mi! Ọmọge, yéé wò mí báyẹn, mo ti níyàwó nílé!"

Àṣé bí mo bá gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, àmì ọ̀tún á fún pọ̀, á ṣẹ́jú. Bí mo bá gbé tòsì, ti òsì náà á ṣẹ́. Èmi ò mọ̀. Mo rò pé ìrìn mi ló dùn mọ́ wọn, ni mo bá fi ijó sí i. Ẹ̀rín di ariwo.

"Ẹ dúró!" Ọ̀gá Òfin ò rẹ́rìn-ín. "Ta ló fi àmì sí ìgbáròkó?"

"Àmì wo, sà?" ọmọ ọmọ mi dáhùn. "Kò sí àmì níbẹ̀."

"Ojú méjì ló ń wò mí yìí."

Ara ọmọ náà le gan-in. Ó ti yé e. Ẹnu kan ni ì bá fi sọ pé ìyá àgbà òun ni, ọ̀rọ̀ ì bá tán. Kò sọ ọ́. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi ò sí lọ́jà, inú ìdí ni mo wà, ṣùgbọ́n àgbà náà ni mí.

"Èmi ni!" mo pariwo.

"Yéè! Ìdí ti ń fọhùn!" Bàbá fóòmù ṣubú lu àga.

"Ta ló wà níbẹ̀ yẹn?" Ọ̀gá Òfin bèèrè.

"Ìyá rẹ̀ àgbà ni, ọ̀gá. Ẹ má bínú. Ó ka òfin yín fún mi bí àdúrà, etí mi ló di. Ìdí náà ló dá páropáro lójú mi. Ẹ bá mi wá abẹ́, kí n tú u báyìí."

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ sinmi ná." Ohùn rẹ̀ yí padà. "Ìwọ ni mo ń bi. Ìwọ lo gbé ẹranko wá. Gbogbo àmì ló gbọ́dọ̀ níṣẹ́. Kí ni iṣẹ́ èyí? Bí o ò bá mọ̀ ọ́n, padà sídìí fóòmù ẹ."

Ọmọ náà fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀ dáadáa. Ó wá ní:

"Rọ̀bọ̀tọ̀ sanra, sà. Kò lè sáré. Bí ẹranko mìíràn bá ń yọ́ bọ̀ lẹ́yìn ẹ láti gbé e, ojú ló máa rí tó ń wò ó, tó tún ń ṣẹ́. Á ní, 'Ó ti rí mi,' á sá padà. Àwọn ọmọ tó ń wòran á ti mọ̀ pé ìdí lásán ni. Ẹni tó ń lé e nìkan ni ò ní mọ̀."

"Òfin ibi tó ń ká ńkọ́?"

"Òfin ní bó bá ká, á di nǹkan mìíràn. Ohun tí à ń fẹ́ kó dà náà nìyẹn, sà."

Mo fẹ́ pàtẹ́wọ́, àyè ò sí. Mo gbọ́ nǹkan kan bí ikọ́ láti ìsàlẹ̀ gbọ̀ngàn. Àṣé ẹ̀rín ni, ó kàn pẹ́ kó tó mọ ọ̀nà ìta ni.

"Bàbá," Ọ̀gá Òfin ní, "ẹ wá ẹlòmíràn tí á máa bá yín gé imú. Ọmọbìnrin yìí ti kúrò lọ́dọ̀ yín."

Ẹkún ayọ̀ gbé mi níbi tí mo bẹ̀rẹ̀ sí. Ẹ̀yìn bùláòsì ọmọ náà ni mo fi nu imú, torí kò sí nǹkan mìíràn níwájú mi.

"Ó ku ẹyọ kan," ọ̀gá náà ní. "Ẹ jẹ́ kó fẹ̀yìn lélẹ̀, kó gbé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sókè. Mo fẹ́ ya fọ́tò ikùn ẹ, kí àwọn tó kù wá wo bí ikùn tó funfun láú, tí kò ní nǹkan kan lára, ṣe máa ń rí."

Bàbá fóòmù dì wá mú, a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nínú òkùnkùn yẹn, ọmọ ọmọ mi yí ọrùn padà, ó fi ẹnu kan etí mi.

"Màmá," ó ní, "ẹ ò fọwọ́ kan ikùn, àbí?"