Àálè Ara Igi Ọ̀gànwó

4.

…àti pé ẹnikẹ́ni tí ọwọ́ bá tẹ̀ níbi tó ti ń bó èèpo igi ìjọba yóò fojú winá òfin.

Ọ̀gá Àgbà, Ọgbà Igi Gbogboògbò, ọ̀nà Lálúpọn.
Oṣù Kejì, 1994.


5.

Èdè Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́ sára pátákó. Èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀ fún yín. Àwọn tó ń bó èèpo igi kò rójú kà á. Ikán ló kà á. Ó kà á láti òkè délẹ̀, ó sì jẹ ẹ́ tán.


6. OHUN TÓ ṢẸ́ KÙ LÁRA IGI Ọ̀GÀNWÓ ETÍ ODÒ
(Lìádì, olùtọ́jú igi, ló wò ó.)

Apá ìlà oòrùn: wọ́n ti bó o.
Apá ìwọ̀ oòrùn: wọ́n ti bó o.
Apá tó kọjú sí ọ́fíìsì Ọ̀gá: wọ́n ti bó o, lọ́sàn-án gangan.
Apá odò: èèpo tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì.


7.

Igi tí wọ́n bá bó èèpo rẹ̀ yíká, ó di òkú igi. Lìádì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń roko ìdí ọ̀gànwó yẹn, kò sì sí òmíràn mọ́ nínú ọgbà. Ó fẹ́ràn igi náà, kí n má parọ́. Ó fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn kan nínú ẹbí rẹ̀ lọ, àwọn náà sì mọ̀.

Mùjíbátù ìyàwó rẹ̀ ń ta èlò àgbo lọ́jà Lálúpọn. Èèpo ọ̀gànwó kì í wọ́n lórí àtẹ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kì í bi í pé níbo ló ti rà á. Ọlọ́gbọ́n ọkọ ni.


8.

Lọ́jọ́ Ajé kan, Lìádì wá ṣúkù àgbàdo kan, ó wá ìgbálẹ̀ tó ti gbó kù dórí, ó ya àkísà pupa, ó fi okùn dì wọ́n pọ̀, ó so wọ́n mọ́ ara ọ̀gànwó.

Àálè nìyẹn. Bí olóko ṣe ń sọ fún olè nìyẹn pé ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí i lẹ́yìn èyí, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà á.

Kò pe ọfọ̀ sí i. Kò mọ ọfọ̀ kankan. Mùsùlùmí tí ìrun márààrún kì í yẹ̀ ni. Ṣúkù lásán ni.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ṣúkù lásán ni.


9. ÈÈPO TÍ WỌ́N JÍ

Ọ̀sẹ̀ kìíní: kò sí.
Ọ̀sẹ̀ kejì: kò sí.
Ọ̀sẹ̀ kẹta: kò sí, ẹnì kan tún dá ìdajì apẹ̀rẹ̀ kan padà sẹ́nu géètì.


10. LẸ́TÀ

Sí Bàbá Lìádì.
Inú mi dùn pé ètò ààbò tuntun tí MO gbé kalẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Kí ẹ ṣe irú rẹ̀ sára gbogbo igi tó ṣe pàtàkì láàárín ọjọ́ méje.
Dókítà Fọlọ́runṣọ́, Ọ̀gá Àgbà.


11.

Dókítà kò sọ èyí tí kò ṣe pàtàkì. Lìádì so mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, pẹ̀lú ti ọ̀gànwó.


12. ÌWÉ ÀLEJÒ, OṢÙ KẸRIN

«Ọgbà yín dára. A kò wọlé.» Títíladé, láti Ọlọ́runṣògo.

«Mo kó ogójì ọmọ iléèwé wá wo igi. Ẹnu géètì la ti wò ó.» Tíṣà kan, Akínyẹlé.

(Ojú ìwé tó kù ṣófo.)


13.

Àwọn òṣìṣẹ́ kò gbá ìdí igi mọ́. Ewé ń jábọ́, ewé ń jẹrà. Òkéré ń bímọ bó ṣe wù ú.

Àwọn ọ̀bọ inú ọgbà kò gbọ́ Òyìnbó, wọn kò sì mọ àálè. Ọ̀kan nínú wọn tú ti ara igi àgbálùmọ̀. Ó yẹ ṣúkù náà wò, kò rí hóró kan, ó bínú jù ú sórí mọ́tò Dókítà.


14.

Ilẹ̀ Òyìnbó ni Dókítà Fọlọ́runṣọ́ ti kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nípa igi.

Ọ̀kadà ló gùn relé lọ́jọ́ náà.

Mọ́tò rẹ̀ lo ọjọ́ mọ́kànlá níbẹ̀.


15. Ẹ̀SÙN

Fífi oògùn sára ohun ìní ìjọba.


16. ÌWÁDÌÍ
(Olúfúnmi, akọ̀wé, ló kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n ṣí fèrèsé nítorí ooru. Àwọn òṣìṣẹ́ àtàwọn tó ń wá èèpo igi kún ẹ̀yìn fèrèsé fọ́fọ́.)

DÓKÍTÀ: Bàbá Lìádì, ta ló so àwọn nǹkan wọ̀nyí?
LÌÁDÌ: Èmi ni, sà. Lẹ́tà yín wà lápò mi.
DÓKÍTÀ: A ò tíì dé ibi lẹ́tà.
LÌÁDÌ: Ó dáa, sà.
DÓKÍTÀ: Ẹ lọ tú wọn.
LÌÁDÌ: Títí kan ti ọ̀gànwó?
DÓKÍTÀ: Gbogbo ẹ̀.
LÌÁDÌ: Wọn á bó o kílẹ̀ tó ṣú, sà. Igi yẹn á kú.
DÓKÍTÀ: Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ gbọ́. Ṣé nǹkan wà nínú àálè yẹn, àbí kò sí?

(Lìádì wo fèrèsé.)


17.

Bó bá ní kò sí: iṣẹ́ rẹ̀ kò bọ́. Àwọn ẹ̀yìn fèrèsé ti gbọ́. Ọ̀gànwó kú.

Bó bá ní ó wà: iṣẹ́ bọ́. Mọ́ṣáláṣí gbọ́. Ọ̀gànwó yè.

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ọkùnrin tí kò mọ ọfọ̀ ni wọ́n ń bi léèrè oògùn.


18.

LÌÁDÌ: Nǹkan wà níbẹ̀.
DÓKÍTÀ: Irú nǹkan wo?
LÌÁDÌ: Ẹ lọ fọwọ́ kàn án, sà. Ẹ ó rí i.

(Ẹnikẹ́ni kò dìde.)


19. LẸ́TÀ

A ti dá yín dúró lẹ́nu iṣẹ́ láti òní lọ. Kí ẹ tú ohun tí ẹ so kí ẹ tó jáde, nítorí kò sí òṣìṣẹ́ mìíràn tí iṣẹ́ náà kàn.


20.

Ó tú mẹ́rìnlélógún. Ti ọ̀gànwó, ó ní ọwọ́ òun kò ká a mọ́. Wọ́n gbà fún un kíákíá, wọ́n sì ti géètì.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Ààfáà wàásù lórí àwọn tó ń da oògùn pọ̀ mọ́ ìrun. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Gbogbo orí ló yí sọ́dọ̀ Lìádì. Ó dùn ún ju iṣẹ́ tó bọ́ lọ.


21. NÍLÉ, LẸ́YÌN ÌRUN

MÙJÍBÁTÙ: Bàbá Rilwan, ó ku èmi àtẹ̀yin. Ṣé nǹkan wà níbẹ̀ lóòótọ́?
LÌÁDÌ: Ó wà.
MÙJÍBÁTÙ: Ẹ wojú mi kí ẹ tó sọ ọ́.
LÌÁDÌ: Ó wà, Ìyá Rilwan.


22.

Ọgbọ̀n ọdún ni Mùjíbátù ti ń gbọ́ irọ́ ọkùnrin yìí. Kò sí èyí tó tàn án rí. Owó oṣù ti tán nílé, èèpo ọ̀gànwó sì ti di góòlù lọ́jà.

Ó mú apẹ̀rẹ̀. Ó mú ọ̀bẹ. Ó kọjú sọ́nà ọgbà, ó ní òun ń bọ̀.

Lìádì dìde láti pè é padà, kò mọ ohun tí òun fẹ́ wí.