Ike Dúdú Ara Ọkọ̀ Ọ̀gá Ọ̀dà

Ọ̀gá Ọ̀dà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí iṣẹ́ ọkọ̀ kíkùn ló fi di àgbà. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó ń gbọ̀n ló lé e nídìí iṣẹ́. Kò sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń dùn ún wọra.

Ọkọ̀ tirẹ̀ wà níwájú ilé. Oòrùn ti mú kí àwọn ike dúdú tó yí i ká ṣá, láti bọ́ńpà dé abẹ́ ilẹ̀kùn, àmọ́ wọn ò funfun tó ti ọkọ̀ àwọn aládùúgbò. Ọ̀gá Ọ̀dà a sì máa fi yangàn. Ó ní ike ayé àtijọ́ nìyẹn, kì í ṣe jákujàku òde òní.

Ó wá bá ara rẹ̀ pinnu pé òun á kun bọ́ńpà iwájú. Bí ọ̀dà bá dúró, ọwọ́ òun ṣì wúlò. Bí kò bá dúró, kí òun kó irinṣẹ́ fún ọmọṣẹ́ òun àtijọ́, kí òun gba kámú. Ọkọ̀ oníbàárà ni ì bá fọ̀ ní àfọ̀túnfọ̀. Ti ara rẹ̀, omi lásán ló dà sí i, torí ó dá a lójú pé kò sẹ́ni tó fi nǹkan kan pa á rí. Ó fi téèpù lẹ ìwé ìròyìn mọ́ ara ọkọ̀, ó sì fín ọ̀dà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọ̀dà ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà. Ọ̀gá Ọ̀dà wò ó títí.

"Ọwọ́ mi ti parí," ló sọ fún ìyàwó rẹ̀, ó sì wọlé lọ di irinṣẹ́.

Ibi tó ti ń dì í ló ti gba ojú fèrèsé rí i. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú àkísà àti abọ́ òróró ìdáná, ó ń fi pa ike abẹ́ ilẹ̀kùn bí ẹni ń fi ìpara ra ọmọ lára. Bàbá jáde, ó bi í pé ìgbà wo ló ti ń ṣe é.

"Ó ti pẹ́," ni obìnrin náà wí. "Mi ò fẹ́ kí ẹ máa wò ó bó ṣe ń ṣá, kí ẹ máa rò pé ẹ ò lè kùn ún mọ́."

Ìyàwó ń retí ìbínú. Ẹ̀rín ló pa Ọ̀gá Ọ̀dà, ó rín in títí ó fi fara ti ọkọ̀. Ike àtijọ́ tó ti ń fi yangàn láti ọjọ́ yìí! Ó ṣàlàyé fún un pé òróró ló ń mú kí ike náà dúdú, àti pé ọ̀dà kì í di ohun tó bá ní òróró lára mú.

Àwọn méjèèjì fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ bọ́ńpà, wọ́n fi pépà oníyanrìn ha á, wọ́n nù ún gbẹ. Ọ̀gá Ọ̀dà fi ọwọ́ òsì di ọ̀tún mú, ó sì tún un fín. Ọ̀dà ṣàn díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná ọkọ̀. Ìyàwó rí i.

"A kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì," ni bàbá sọ.

Lọ́jọ́ kejì, ó fi èékánná fá a. Kò ṣí. Ó tú irinṣẹ́ tó ti dì, ó sì tò ó padà sáyè rẹ̀. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ń gbé abọ́ òróró padà sílé ìdáná, bàbá pè é, ó na ọwọ́ ọ̀tún sí i.

"Ọkọ̀ ò fẹ́ òróró mọ́. Tí o bá ṣì fẹ́ pa nǹkan, èyí nìyí."

Obìnrin náà jókòó tì í, ó gbé ọwọ́ náà lé itan, ó ń fi òróró pa á.