Dùùrù Tó Ń Kí Mi Kú Iṣẹ́

Mojí ọ̀rẹ́ mi, jẹ́ kí n rọ́ àlá tí mo lá mọ́jú òní fún ọ. O mọ̀ pé ìgbà tí àwọn ọmọ kúrò nílé tán ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ dùùrù, tí mo ń tẹ̀ ẹ́ láràárọ̀ kí n tó jẹun.

Lójú àlá, inú odò ni dùùrù wà, omi mù mí dé orúnkún. Ọwọ́ òsì mi tó máa ń lọ́ra ń sáré. Ibi tí mo bá tẹ̀, ohùn àwọn ọmọ ló ń jáde: "Mọ́mì, ẹ kú iṣẹ́!" Níbì kan, bàbá wọn tó ti kú ló sọ̀rọ̀: "Ìyá Dàpọ̀, o kú iṣẹ́ o." Ṣùgbọ́n bí mo bá dáwọ́ dúró láti dáhùn, gbogbo wọn á dákẹ́, omi á sì ga sí i. Ni mo bá ń tẹ̀ ẹ́ lọ, mi ò dá ẹnikẹ́ni lóhùn.

Má túmọ̀ rẹ̀ fún mi o. Ta ló tún ń kí mi kú iṣẹ́ nínú ilé yẹn?

Bí mo ṣe jí, mi ò tíì bọ́jú tí mo fi lọ tẹ ibi tí ohùn bàbá Dàpọ̀ ti jáde. Ó dún bíi dùùrù lásán. Mo gbọ́wọ́ kúrò, mo ní, "Ooo, ẹ ṣeun."